Ọwọ́ Méjì Tí Mùtíù Gbé Lé Orí

Tí ẹ bá bèèrè mi ní gbogbo ilẹ̀ Àpápá, láti ẹnu géètì wọ́ọ̀fù títí dé ìdí afárá Ìjọrà, wọn yóò sọ fún yín pé Bàbá Wíǹṣì ni wọ́n ń pè mí, nítorí kò sí ẹ̀rọ agbẹ́rù kankan tí mi ò tíì bá ṣeré. N kò jókòó ní kíláàsì rí. Ara páálí tó ń bọ́ látinú ọkọ̀ òkun ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, nígbà tó sì yá, àwọn ọ̀gá òyìnbó gan-an ló ń bi mí pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọkọ̀ kan wá lọ́dún kan, ó gùn láti ibi tí mo dúró sí dé Snake Island, ọwọ́ òsì nìkan ni mo fi darí gbogbo ẹrù inú rẹ̀ kalẹ̀, torí mo ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ gúgúrú.

Ṣùgbọ́n ìtàn tèmi kọ́ lèyí. Mùtíù ni mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀, ọkùnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi nínú ilé wa ní Ajégúnlẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn ńlá. Ẹ kò ní gbọ́ orúkọ rẹ̀ lórí rédíò.

Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé òun ló ń fi ọwọ́ júwe fún kréènì ní yáàdì kan tí wọ́n ń já páìpù irin sí. Ẹni tó jókòó sókè nínú kréènì kò lè gbọ́ ohùn ẹni tó wà nílẹ̀. Rédíò ọwọ́ wà lóòótọ́, àmọ́ bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ kú. Bẹ́ẹ̀ sì ni nínú gáàǹgì òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo, ẹ óò bá Yorùbá, Ùròbò, Ìgbò àti Ìjọ́. Kí wọ́n tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ara wọn tán, irin ti balẹ̀ lórí ẹni ẹlẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo ọwọ́, èmi ni mo sì dá àwọn àmì yẹn sílẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé wọ́n ti ń lo díẹ̀ níbẹ̀ kí n tó dé. N kò bá wọn jiyàn. Na apá sókè, ó di gbé e. Ká apá méjèèjì mọ́ àyà, ó di dúró. Gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí, ó di sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni mo fi ń yangàn jù. Ọ̀dọ̀ àwọn alábàárù tó ń fi orí ru ẹrù ni mo ti mú un. Ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn, tó ń wá ẹni tí yóò bá òun sọ̀ ọ́, ọwọ́ méjèèjì ló ń gbé lọ sórí. Kò sí ọmọ tí wọ́n bí nílẹ̀ yìí tó máa rí i tí kò ní yé e.

Èmi ni mo kọ́ Mùtíù ní gbogbo rẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ojú rẹ̀ mú, ara rẹ̀ sì yá. Ohun kan ló máa ń yà wá lẹ́nu nípa rẹ̀: tí ènìyàn bá gba ẹ̀yìn yọ sí i, yóò fò bí ẹni tẹ iná mànàmáná. Kì í kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn jókòó láéláé. Tí wọ́n bá ju ìgò sí gọ́tà níta nígbà tó bá ń sùn lọ́wọ́, kí ìgò náà tó fọ́ tán, Mùtíù ti wọ bàtà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Oghenemaro, ọmọ Ùròbò tí gbogbo wa ń pè ní Maro, kì í yé fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Mútí, police dey find you? Àbí ewúrẹ́ ta lo jí?"

"Ewúrẹ́ bàbá ẹ ni," ni Mùtíù yóò fèsì, wọn yóò sì jọ rẹ́rìn-ín. Gáàǹgì kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Lọ́jọ́ Sunday, Maro a máa gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ ní pápá tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ẹsẹ̀ òsì ló ń lò. Mùtíù a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, a máa pariwo fún un.

Lọ́jọ́ tí nǹkan bàjẹ́, òjò ti dá iṣẹ́ dúró láàárọ̀, fọ́ọ̀mánì wọn tó ń jẹ́ Dickson sì ń kanra. Páìpù ti wà lókè, okùn irin ti gbé e dúró sínú afẹ́fẹ́. Mùtíù ká apá mọ́ àyà kí ó dúró bẹ́ẹ̀, nítorí Maro wà nísàlẹ̀, ó ń to igi tí wọn yóò gbé páìpù lé. Dickson rò pé wọ́n ń fi àkókò ṣòfò ni. Ó gba ẹ̀gbẹ́ yọ sí Mùtíù, ó pariwo, "Ìwọ ọ̀lẹ yìí!" ó sì na ọwọ́ sókè bí ẹni fẹ́ gbá a létí.

Kò gbá a. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n Mùtíù ti tẹ̀ ba, ó ti fi ọwọ́ méjèèjì bo orí.

Stanley ló wà lókè nínú kréènì. Ohun tó rí ni ọwọ́ méjì lórí. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

N kò ní júwe igbe tí Maro ké nígbà tí páìpù balẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀. Ọsibítù gé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ láti ọrùn ẹsẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pe ìjókòó ìwádìí ní ọ́fíìsì yáàdì, Stanley sọ ohun tó rí. "Mo rí ọwọ́ lórí, sà. Sign náà clear." Dickson ní irọ́ ni, ó ní oorun ló ń kun Stanley lókè níbẹ̀, pé òun fúnra òun dúró ti Mùtíù, òun kò sì rí àmì kankan. Ẹ mọ ìdí tí kò fi lè gbà pé òun rí i: tó bá sọ pé òun rí i, wọn yóò bi í pé kí ló mú ọkùnrin náà bo orí. Máníjà wá yíjú sí Mùtíù.

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o gbé ọwọ́ lé orí àbí o kò gbé e?"

Ohùn náà le díẹ̀. Dickson sì dúró lẹ́yìn àga Mùtíù gan-an. Mùtíù sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà yẹn pé òun la ẹnu láti sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ohùn ọmọ kékeré kan ló jáde lẹ́nu òun, ohùn tí òun rò pé ó ti kú.

"Mi ò mọ̀, sà. Mi ò mọ nǹkan kan."

Wọ́n ní kí Stanley lọ jókòó sílé láìgba owó títí ìwádìí yóò fi parí.

Láti ọjọ́ náà ni Mùtíù ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú lórí ìdúró. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀. Kò jẹun dáadáa, oúnjẹ tó bá sì jẹ, ó ní kò yàtọ̀ sí páálí. Kò bá wa kírun ní mọ́ṣáláṣí mọ́, ó ní òun kò mọ ojú tí òun yóò fi dúró sínú sàfù, ìlà àwọn tó ń kírun. Àárẹ̀ mú un, oorun kò sì kùn ún. Ó máa ń ra iṣu, ràísì àti ọsàn, yóò gbé e síwájú ilẹ̀kùn Maro, yóò kan ilẹ̀kùn, yóò sì sá kí wọ́n tó ṣí i. Ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n ló ń kan ilẹ̀kùn sá bí ọmọ iléèwé! Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Maro dé láti ọsibítù, Mùtíù kò tíì fojú kàn án.

Ìyàwó Mùtíù, Mutmainah, ìyá Lubabah, tó ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa, wá bá mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá Bàbá Lubabah sọ̀rọ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láti ìgbà tó ti dé, kò bọ́ bàtà. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní òun ni òun ba gbogbo ayé jẹ́."

Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀, ọkùnrin ni, yóò lọ fúnra rẹ̀. Ẹnu àgbà ni mo fi sọ ọ́. Àwọn kan nínú ilé ní wọ́n ń ṣe é láti ilé bàbá rẹ̀ ni. Àwọn mìíràn ní ojo ni. Yàtọ̀ sí Mutmainah, kò sí ẹni tó bi í ní nǹkan kan.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Lubabah, tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, ló tú ọ̀rọ̀ náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ọmọ náà da omi sílẹ̀ nínú yàrá. Mùtíù dìde, ó na ọwọ́ sókè láti mú àkísà lórí ṣẹ́ẹ̀fù. Ọmọ náà tẹ̀ ba lójú ẹsẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí.

Mutmainah ju aṣọ tó ń rán sílẹ̀. "Ta ló ń na ọmọ yìí? Bàbá Lubabah, ṣé ẹ ti ń na ọmọ mi lẹ́yìn mi?"

"Wallahi! Wallahi tallahi, mi ò fọwọ́ kàn án rí!"

Òótọ́ ni. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé kò lè pa eṣinṣin lójú ọmọ yẹn. Mutmainah kúnlẹ̀ síwájú ọmọ rẹ̀. "Lubabah, kí ló dé tí o fi bo orí?"

Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀, kò tilẹ̀ sunkún. "Báyìí ni Dádì máa ń ṣe."

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, mo rí ojú Mùtíù. Mo ti rí ojú ẹni tó ń rì sómi ní wọ́ọ̀fù, èmi fúnra mi ti fà tó méjìlá jáde nínú òkun lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọmọ náà mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ẹni ń bì.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ tuntun wọlé, Mutmainah fà á lọ sí ọsibítù kékeré ìjọba tó wà nítòsí wa. Ó ní kí n bá àwọn lọ nítorí Mùtíù ń bọ̀wọ̀ fún mi. Nọ́ọ̀sì tó dá wa lóhùn ń jẹ́ Motọ́láyọ̀, obìnrin àgbà tó wọ awò ojú, tí kì í kánjú. Ó kọ́kọ́ wọn ìfúnpá Mùtíù. Lẹ́yìn náà, ó bi í ní ohun tí n kò retí.

"Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, ta lẹ máa ń bẹ̀rù nínú ilé?"

Ìgbà tí Mùtíù dá a lóhùn, ilẹ̀ ló ń wò.

Ìyá rẹ̀ kú ní Ìsẹ́yìn nígbà tó kéré sí Lubabah. Wọ́n wá gbé e fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Àlájì Sùfíyánù, ní Ajégúnlẹ̀ wa níbí. Èmi mọ Sùfíyánù dáadáa. Gbogbo àdúgbò ló ń yìn ín pé ó mọ ọmọ tọ́, pé ẹ wo bí ọmọ náà ti jẹ́ẹ́ tó. Ohùn tèmi wà nínú ìyìn yẹn, ó sì le dáadáa. Bẹ́líìtì ló fi ń tọ́ ọ, bí kò bá rí bẹ́líìtì, ọmọrí ìkòkò. Nígbà mìíràn ọmọ náà ṣẹ̀. Nígbà mìíràn, ó kàn wà níbẹ̀ ni.

"Ìyà yẹn kọ́ ló burú jù, mà," ni Mùtíù wí. "Àìmọ ìgbà tó máa dé ni. Mo lè máa jẹun lọ́wọ́. Mo lè máa kírun. Mo wá ń gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ nígbà tí kò tilẹ̀ sí nílé."

"Tí wọ́n bá bi yín ní nǹkan ńkọ́?"

"Tí mo bá ní mi ò mọ̀, ó máa ń tètè tán."

Nọ́ọ̀sì náà bọ́ awò rẹ̀. Ó bi wá pé ṣé a mọ ilé tí omi ti wọ̀ rí ní Ajégúnlẹ̀. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ẹni tí omi òjò bá ti ká mọ́lé, búlọ́ọ̀kù ló ń gbé bẹ́ẹ̀dì lé. Yóò gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́ ògiri. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí ojú ọ̀run bá ṣú díẹ̀, ó ti ń kó ẹrù.

"Ara yín lẹ gbé sórí búlọ́ọ̀kù," ló sọ fún un. "Ọpọlọ ọmọdé ṣì ń mọlé ara rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ẹ̀rù bá ń ba ọmọ lójoojúmọ́, omi kan wà tí ara máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, tó ń mú kí àyà lù, kí ẹsẹ̀ múra eré. Ó wúlò fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí kò bá dáwọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, apá ibi tó ń ṣọ́ ewu nínú ọpọlọ lè le ju bó ṣe yẹ lọ, èyí tó yẹ kó sọ fún un pé 'farabalẹ̀, kò sí nǹkan' kò wá ní lágbára tó. Bí ọwọ́ kan bá ti gbéra lápá kan, ara ti ṣíwájú èrò. Irú ara bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń tètè kó ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí wàhálà ńlá bá dé. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó jìyà lọ́mọdé ló ń rí bẹ́ẹ̀ o. Àmọ́ èyí tó bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ojo, kì í sì í ṣe wèrè."

Mo fẹ́ sọ fún un pé mo ti mọ gbogbo èyí látinú ìwé ńlá kan tó já bọ́ látinú kọ̀ǹténà. Mo wo ojú Mùtíù, mo pa ẹnu mi mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn ní ọdún mélòó kan.

"Ṣé ọmọ mi náà ti kó o?" ni Mùtíù bi í.

"Ó ń fara wé yín ni. Ẹ kò nà án. Ẹ jẹ́ kó rí yín tí ẹ ń sọ ọwọ́ kalẹ̀, òun náà á kọ́ ìyẹn. Búlọ́ọ̀kù ṣeé yọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ óò máa wá síbí."

"Tí kì í bá ṣe ẹ̀bi mi, mà, kí ló dé tó ń jẹ mí báyìí?"

Ó wò ó dáadáa. "Ọwọ́ tó lọ sórí kì í ṣe ẹ̀bi yín. Bí nǹkan mìíràn bá kù, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Mùtíù bá yíjú sí ìyàwó rẹ̀ àti èmi, ó sọ fún wa pé òun purọ́ mọ́ Stanley. Títí di ìgbà yẹn, a rò pé Stanley ló sùn lọ lóòótọ́. Mutmainah fi ìborùn rẹ̀ bo ẹnu. Ìjókòó tó kẹ́yìn ku ọ̀la, lẹ́yìn rẹ̀, wọn yóò lé Stanley kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Mo bá Mùtíù lọ síbi ìjókòó náà lọ́jọ́ kejì. Àwọn sẹ́kúríìtì tó wà ní géètì bẹ́ sókè nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n sì kí mi bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gágun. Nínú ọ́fíìsì, Stanley wà lápá kan, aṣọ ti tóbi mọ́ ọn lára. Dickson wà lápá kejì. Mùtíù dúró láàárín, òógùn bò ó.

"Mo fẹ́ yí ọ̀rọ̀ mi padà, sà," ló bẹ̀rẹ̀. "Lọ́jọ́ yẹn, mo..."

Ọ̀rọ̀ há. Máníjà ní kí ó máa bá a lọ. Mo rí i pé "mi ò mọ̀" ti ń bọ̀ lọ́fun rẹ̀.

"Kí lo fẹ́ yí padà?" Dickson fò dìde, ó lu tábìlì gbàà, ó na ọwọ́ sí i. "Ta ló ran ìwọ yìí níṣẹ́?"

Mùtíù tẹ̀ ba. Ọwọ́ méjèèjì lọ sórí.

Ó mọ̀ pé ọwọ́ òun wà níbẹ̀, mo rí i pé ó mọ̀. Mo rò pé ìtìjú yóò mú kó já a bọ́. Kò já a bọ́. Ó rọra na ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́, ó fi ọwọ́ náà sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀, ó sì yíjú sí máníjà.

"Ẹ wò ó, sà. Ohun tí Stanley rí nìyí. Ọ̀gá Dickson na ọwọ́ sí mi, mo ṣe báyìí. Stanley kò sùn. Èmi ni mo purọ́."

Máníjà wo Dickson tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú afẹ́fẹ́. Kò bèèrè nǹkan mìíràn.

Wọ́n dá Stanley padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n yọ Dickson kúrò nípò fọ́ọ̀mánì. Wọ́n ní kí Mùtíù lọ jókòó sílé fún sáà kan nítorí irọ́ tó pa, lẹ́yìn náà kí ó wá máa ṣiṣẹ́ ní sítọ́ọ̀, kí ó má ṣe dúró níwájú kréènì mọ́. Níta, Mùtíù dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Stanley lórí ilẹ̀ tó ní epo. Stanley wò ó.

"Since that day, my pikin no dey go school," ló wí. Ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Àwọn gáàǹgì pè mí kí n tó lọ, wọ́n ní àmì yẹn kò lè dúró mọ́. Kò sí ẹni tó tíì yọ nǹkan kan kúrò nínú ohun tí mo kọ́ wọn rí. Mo fọwọ́ sí i kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. Ní báyìí, ẹni tó bá fẹ́ kí ẹrù wálẹ̀ yóò na àtẹ́lẹwọ́ síwájú, yóò máa tẹ afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò lẹ́wà tó tèmi.

Láti yáàdì, ilé Maro ni Mùtíù ní kí a yà sí. Ó kan ilẹ̀kùn. Kò sá. Mo dì í lápá mú, ẹ má sọ fún un pé mo sọ fún yín.

Maro jókòó sórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí. Iṣu pọ̀ ní kọ̀rọ̀ yàrá bí ẹni ń ṣòwò rẹ̀. Mùtíù kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò fi Sùfíyánù pamọ́, kò sì fi í ṣe àwíjàre. Maro gbọ́ ọ tán. Ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

"So, you be the one wey dey drop yam dey run," ló wí. "Mo rò pé ìyàwó pásítọ̀ ni. Mútí, ẹsẹ̀ mi ò ní hù padà o."

"Mo mọ̀."

"Inú máa ń bí mi. Á ṣì máa bí mi. Ní àárọ̀ mìíràn, mi ò ní fẹ́ rí ẹ."

"Màá wá. Tí o bá ní kí n padà, màá padà."

Maro mí kanlẹ̀. Ó na ọwọ́ jáde lójijì, ó ń wá nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ọwọ́ Mùtíù fò sókè. Ó dé àyà, ó dúró síbẹ̀. Maro rí i. Ọwọ́ tirẹ̀ náà dúró níbi tó dé. Ó dá a padà sórí itan rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń sọ ẹrù ẹlẹgẹ́, ó sì dúró títí ọwọ́ Mùtíù náà fi wálẹ̀.

"Sílípáàsì mi ni mò ń wá," ló wí. "Ó wà lábẹ́ àga yẹn. Bá mi mú un. Ẹyọ kan ni, kò ní wúwo."

Mùtíù tẹ̀ síwájú, ó mú un. Ó pẹ́ kí ó tó lè gbé orí sókè wo ojú Maro.